Ta ni òfin fún láṣẹ lórí ọmọ nígbà tí bàbá àti ìyá kò gbé pọ̀ mọ́?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Kubwa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù kan, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn, kí n má baà fi ìbínú ṣe ohun tí n kò ní lè tún ṣe mọ́. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ìdána ní Òṣogbo, a sì ṣe ìgbéyàwó kóòtù níbí ní Àbújá ní 2013. Láti 2022 la kò ti gbé pọ̀ mọ́. A kò lọ sí kóòtù láti tú ká. Èmi ni mo kó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ, ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 báyìí àti obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bàbá wọn a máa san owó iléèwé ní sáà kan, kó má san án ní sáà tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò dí i lọ́wọ́ rí láti wá wò wọ́n.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà ní kí n kó àwọn ọmọ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù ọmọdé kò lè jáde láìsí lẹ́tà ìyọ̀ǹda àwọn òbí, bàbá wọn sì ní òun kò ní fọwọ́ sí i, nítorí pé bí mo bá ti kó wọn lọ, òun kò tún ní fojú kàn wọ́n mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, kí n tó dé iléèwé, àbúrò rẹ̀ ti wá mú ọmọ mi ọkùnrin lọ. Ìlọrin ló wà báyìí lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti wọ kíláàsì. Nígbà tí mo pe ìyá ọkọ mi, wọ́n ní bàbá ló lọmọ, pé kí n di èyí obìnrin tó kù mú kí n sì máa dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwa méjèèjì, ta ni òfin fún láṣẹ? Ṣé mo lè wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ mú ọmọ mi wálé? Àwọn kan ní kí n mú ọlọ́pàá dání.

Alábòójútó

Ẹ kú ìfaradà, mà. Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dáhùn má ṣe béèrè orúkọ ọmọ tàbí orúkọ iléèwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àwòrán ọmọ síbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gba oníròyìn láàyè nínú kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, kò sì gbà kí wọ́n tẹ orúkọ ọmọ náà jáde. Ohun tí kóòtù kò gbà, àwa náà kò ní gbà á níbí.

Bàbá Akọ̀wé Kóòtù, Lugbe

Ọmọ mi, má lọ já ọmọ gbà ní Ìlọrin. Mo fi ọdún 27 ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tí ẹjọ́ wọn gún régé, tí wọ́n fi ìjàgbà ba ara wọn jẹ́ lójú adájọ́. Títí di ìsinsìnyí, kò sí àṣẹ kóòtù kankan láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Èyí ni pé bí bàbá wọn kò ṣe lè dìde kó ní òun nìkan ló ni àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá mú ọlọ́pàá lọ, ọlọ́pàá kò ní agbára láti pín ọmọ fún òbí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò kó gbogbo yín jókòó sí téṣàn, ọmọ yóò máa wò yín, ọ̀rọ̀ kò sì ní yanjú.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi ọ́ ní kóòtù ni irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Ìdána tí ẹ ṣe ní Òṣogbo ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ló pinnu ibi tí ẹjọ́ yín yóò lọ, Ilé Ẹjọ́ Gíga sì ni ibẹ̀. Òfin tí wọn yóò lò ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act, ti 1970. Ka abala 71 rẹ̀, tàbí kí o ní kí ẹnìkan kà á fún ọ: ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀, ire ọmọ náà ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Kò darúkọ bàbá ṣáájú ìyá, kò sì darúkọ ìyá ṣáájú bàbá.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n dédé hùmọ̀, nítorí pé nínú àṣà wa, agboolé bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Síbẹ̀, àṣà pàápàá kò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé bí àṣà bá tilẹ̀ fún bàbá ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ, kóòtù kò ní fi ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀ bí yóò bá pa ọmọ lára. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, tí ẹjọ́ yín sì lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, “bàbá ló lọmọ” kò tó láti fi parí ẹjọ́.

Kí ni ire ọmọ? Adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí rẹ̀, ilé tó ń sùn, ẹni tó wà nílé nígbà tó bá ti iléèwé dé, ìlera rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, bóyá wọ́n ya òun àti àbúrò rẹ̀ nípa, àti ìwà ẹni tí yóò máa tọ́ ọ. Bí ọmọ bá ti gbọ́n tó láti sọ tẹnu rẹ̀, adájọ́ lè gbọ́ ọ. Nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé a kì í fi ọmọ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó hùwà rere nínú ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọmọ dùn ẹni tó ṣẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ó ṣojú mi rí tí tọkọtaya kan fi odindi ọjọ́ méjì ka ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn sílẹ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, adájọ́ bi bàbá ní orúkọ olùkọ́ ọmọ, kò mọ̀ ọ́n. Ó bi ìyá, òun náà ń wo lọ́yà rẹ̀ lójú.

Tìrẹ, ohun tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà kò ti lọ sí iléèwé. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó sọ ẹ̀kọ́ di dandan, èyí tí wọ́n ṣe ní 2004, fi í sí ọrùn gbogbo òbí pé kí ọmọ parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ ti girama. Kí lọ́yà rẹ tètè béèrè fún àṣẹ onígbà díẹ̀, kí ọmọ lè padà sí kíláàsì kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀délẹ̀. Adájọ́ sì lè ní kí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà lọ wo ilé yín méjèèjì, kó wá kọ ìròyìn ohun tó rí.

Ìyá Ìbejì, Nyanya

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, omi bọ́ lójú mi, nítorí pé ohun tó ṣe yín yìí ṣe èmi náà. Ní iléèwé tí àwọn ìbejì mi wà nígbà náà, ìwé ńlá kan máa ń wà lórí tábìlì lẹ́nu géètì, wọ́n fi okùn so báírò mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti lè pe orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀ lè fọwọ́ síbẹ̀ kó sì mú un lọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú àwọn tèmi lọ, mo ṣí ìwé náà, orúkọ tí n kò mọ̀ rí ni mo bá níbẹ̀, wọ́n sì kọ “ẹ̀gbọ́n” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mà, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé ọmọ yín obìnrin. Kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú un, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn àti fọ́tò wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n pè yín bí ẹlòmíràn bá dé. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ óò mú padà sílé. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe àṣẹ kóòtù, iléèwé kò sì lè fi lé bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ jáde títí láé, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kan kí ẹ sì máa kọ nǹkan sílẹ̀: ọjọ́ tí bàbá wọn wá, ọjọ́ tó pè, owó tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ tí ọmọ ṣàìsàn àti ẹni tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, ìbáà dùn yín, ìbáà bí yín nínú. Nígbà ẹjọ́ tèmi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ni adájọ́ fẹ́ gbọ́. Káàdì àjẹsára àwọn ọmọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ lọ́yà mi, igun rẹ̀ ti ya, epo ti kán sí i lára, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ń ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, èmi ni mo pọn wọ́n lọ.

Ní tèmi o, mà, ẹ má jẹ́ kí ó fojú kan èyí obìnrin títí tí yóò fi dá èyí ọkùnrin padà.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Gwarinpa

Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yìí lè ṣe ìyá yìí ní ibi. Bàbá tí wọ́n fi ọmọ dùn ni mí. Oṣù mọ́kànlá ni n kò fi rí àwọn ọmọ mi, kì í ṣe pé mo lù wọ́n tàbí pé n kò bọ́ wọn, bí kò ṣe pé èmi àti ìyá wọn ń bínú síra wa. Nígbà tí mo fi dé iwájú adájọ́, àbíkẹ́yìn mi ti ń pè mí ní “ọ̀gá”. N kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí alábòójútó dárúkọ, ní abala 69, fún bàbá tàbí ìyá láyè láti bẹ kóòtù pé kí ó pinnu ibi tí ọmọ yóò máa gbé, àti bí òbí kejì yóò ṣe máa rí i. Níbẹ̀, adájọ́ yóò wo ire ọmọ, yóò sì tún wo ìwà òbí kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bá fi ọmọ pamọ́ fún bàbá ti ń kọ ìwà ara rẹ̀ sílẹ̀ fún adájọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá tó mú ọmọ kúrò ní iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kó máa wá wo ọmọbìnrin náà nílé yín, ní ìṣojú yín, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é kó lè hàn pé ẹ kò ti ilẹ̀kùn. Èmi ń rí àwọn tèmi báyìí ní gbogbo Sátidé kejì láti agogo mẹ́wàá títí di mẹ́fà, ó sì wà nínú àṣẹ kóòtù, kò sí ẹni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni.

Alhaja, Minna

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nítorí àwọn tó ṣe nikaah nìkan, ìyẹn ìgbéyàwó Ìsìláàmù, torí a pọ̀ níbí lókè ọya. Ẹjọ́ tiwa kì í lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Kóòtù Sharia tàbí Area Court ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí ẹnìkan kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Sharia, èyí tí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ní agbára lórí ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ ọmọ. Ní ìlànà Maliki, ọ̀nà òfin Ìsìláàmù tí a ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà, ìyá ló ni hadana, ìyẹn ìtọ́jú ọmọ: ti ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, ti obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bí ìyá bá kú tàbí tí kò yẹ, ìyá ìyá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yíjú sí, kì í ṣe bàbá. Bàbá ló sì gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọmọ, kó máa wọ̀ ọ́ láṣọ, níbikíbi tó bá ń gbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa kì í mọ̀ ni pé ìyá tó bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí kì í ṣe ìbátan ọmọ lè pàdánù hadana. Ọmọ mi obìnrin kò mọ̀. Mo sọ fún un pé kí a kọ́kọ́ lọ bi alíkálì, ìyẹn adájọ́ kóòtù Sharia, ó ní kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ kejì, bàbá ọmọ pẹjọ́. Ohun tó gbà wá ni pé èmi tí mo jẹ́ ìyá ìyá ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ mi sì ni alíkálì ní kí ọmọ náà wà.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Kubwa

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà sí iléèwé, òǹtẹ̀ sì ti wà lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gba ọ̀rọ̀ Bàbá Ọmọ Mẹ́ta gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro fún mi láti gbà á. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni mo lè ṣe sí ti pásípọ́ọ̀tù? Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì Immigration sọ fún mi pé òun lè bá mi “tún lẹ́tà náà ṣe”. Èkejì ni pé n kò ní owó lọ́yà ńlá.

Agbẹjọ́rò, Wuse

Ẹ má ṣe padà sọ́dọ̀ ẹni yẹn, mà. Bí ẹnìkan bá parọ́ fọwọ́ sí ìwé lórúkọ ẹlòmíràn, ayédèrú ni, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Bí bàbá àwọn ọmọ bá sì gbé e wá sí kóòtù, gbogbo ẹ̀rí rere tí ẹ ní yóò ṣófo.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ kọ̀wé béèrè ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wà ní àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ àbọ̀ àti àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n yín. Bí ó bá kọ̀ láìnídìí, ẹ lè bẹ Ilé Ẹjọ́ Gíga nínú ẹjọ́ kan náà pé kí ó fún yín láṣẹ láti gba ìwé náà kí ẹ sì mú àwọn ọmọ rìn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ fojú kékeré wo ẹ̀rù tó ń bà á. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ṣe ní Hague ní 1980, èyí tó ń ran òbí lọ́wọ́ láti gba ọmọ tí òbí kejì gbé sá lọ sí òkèèrè padà. Kánádà wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá dúró sí ọ̀hún, bàbá wọn kò ní lè lo àdéhùn yìí, à fi kó lọ gba lọ́yà ní Kánádà. Adájọ́ mọ èyí, yóò sì bi yín. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, lẹ́tà ibi iṣẹ́ yín, àwọn ọjọ́ tí bàbá yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àti ìlérí níwájú kóòtù pé pásípọ́ọ̀tù yóò wà lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù bí ẹ bá ti dé. Mo ti rí bàbá tó fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ tí a gbé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ka iwájú rẹ̀. Ní tèmi, ọmọ ọkùnrin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ẹ jẹ́ kí ti ìsinmi dúró ná.

Ní ti owó, ẹ lọ sí Legal Aid Council, tó ń gba ẹjọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó, tàbí FIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin. Ẹ sì béèrè Abuja Multi-Door Courthouse, tó wà lábẹ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ènìyàn parí ọ̀rọ̀ láìsí ìpẹ̀jọ́ gígùn. Bí ẹ bá fẹnu kò níbẹ̀, kóòtù lè sọ àdéhùn yín di ìdájọ́, kó lè ní agbára bí ìdájọ́ èyíkéyìí. Ìpẹ̀tù ilé àwọn àgbà dára, ṣùgbọ́n kò ní agbára yẹn.

Ẹ fi owó ìtọ́jú kún ohun tí ẹ ó béèrè. Abala 14 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ìbẹ̀wò, kí ẹ má ní bí kò bá san owó, kò ní rí ọmọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni méjèèjì, kì í ṣe ọjà tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ń ná.

Bàbá Akọ̀wé Kóòtù, Lugbe

Lọ́yà ti sọ ọ́. Nǹkan kan péré: nígbà tí o bá ń lọ, mú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, àti ìwé èsì ìdánwò wọn dání. Ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ń pàdánù odidi ọjọ́ kan nítorí fótókọ́pì.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Kubwa

Ẹ̀yin àgbà, mo ní kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Lọ́yà láti ọ̀dọ̀ Legal Aid kọ lẹ́tà sí bàbá wọn, ó sì gbà láti wá. A jókòó fún bíi wákàtí mẹ́rin lánàá. A kò tíì yanjú ti Kánádà, n kò sì gbé e síwájú. Ohun tí a kọ sílẹ̀ tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ni pé ọmọ yóò padà sí iléèwé ní Mọ́ńdè, pé bàbá wọn yóò máa mú àwọn méjèèjì ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, àti pé kò sí ẹni tí yóò tún mú ọmọ ní géètì láìjẹ́ pé èkejì mọ̀. Lọ́yà ní àwọn yóò gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n lè sọ ọ́ di àṣẹ.

Nígbà tí a parí, bàbá wọn fi fóònù rẹ̀ pe Ìlọrin, ó sì gbé e fún mi. Ọmọ náà kò béèrè ẹni tó jàre. Ó bi mí bóyá wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ìjókòó òun ní kíláàsì, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní mo ti bi olùkọ́ wọn, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.